Ìpara Tí Kò Ní Ènì

Ní Mòlútẹ̀hìn, létí òkun Ìlàjẹ níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ́n, kò tíì débẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kó fara pamọ́ sí Èkó, kó máa ti ibẹ̀ pe àwọn ará ilé, kó máa parọ́ òtútù fún wọn.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Mo ti lo oṣù bíi mélòó kan ní England kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn tó gbà wá láyè láti rí ojú ara wa. Mo múra sílẹ̀ fún un. Mo dé fìlà onírun, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé kí yìnyín lè hàn lẹ́yìn mi, mo wá rẹ́rìn-ín bí ẹni ayé dẹ̀ fún. Ìyá mi fa fóònù mọ́ra, ó wò mí títí.

"Ọma mi, ṣé wọn kì í fún ẹ lómi wẹ̀ níbẹ̀ ni?"

"Mò ń wẹ̀, Màmá. Omi gbígbóná ló ń jáde lára ògiri."

"Kí ló wá dé tí wo ṣì dú báyìí?"

"Wo" ni ìyá mi ń wí níbi tí ẹlòmíràn ti ń wí "o". Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn máa ń mú omi wá sí mi lójú, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ló fi ń bù mí. Mo gbọ́ ẹ̀rín àbúrò mi, Tọ́pẹ́, lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní bóyá ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi ti já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bóyá Kútọnu ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo lọ wo ara mi nínú dígí.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí. Àìsí ènì ni. Ẹja àti edé ni ìyá mi ń yan, ọjà Ìgbọ́kọ̀dá ló sì ń gbé wọn lọ tà. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé bó bá wọn edé tán fún oníbàárà, á tún ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Ẹni tó ń tà tí kò fi ènì sí i, ahun ni. Ẹni tó ń rà tí kò béèrè, àlejò ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo ra ọ̀dùnkún nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, mo sanwó, mo dúró. Ọmọbìnrin tó gba owó wò mí, èmi náà wò ó. Mo fẹ́ bi í pé ènì mi ńkọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yé e nínú àlàyé mi ni pé mo fẹ́ jí ọ̀dùnkún níṣojú rẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá ara mi yá.

Ó pẹ́ kí n tó borí. Ọkùnrin arúgbó kan máa ń tẹ́ ẹja sórí yìnyín ní ọjà ọjọ́ Sátidé, ó sì máa ń pariwo pé àárọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti inú omi jáde. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìlàjẹ? Mo ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, mo fi hàn án pé ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti ṣú. Ojú tì í, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ẹja kékeré kan mọ́ èyí tí mo rà. Mo gbé ẹja yẹn wọ bọ́ọ̀sì bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé ńlá kan tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń wẹ̀ fún, ó fẹ́ràn láti máa bi mí nípa ilé. Mo sọ fún un pé orí omi ni a kọ́ ilé wa sí, pé ọkọ̀ la fi ń lọ síbi gbogbo. Ó ronú díẹ̀, ó wá bi mí bóyá lílúwẹ̀ẹ́ la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pásítọ̀ ló ń ṣíwájú. Ó gbà á gbọ́, ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó rí bí ti pẹ́pẹ́yẹ.

Wọ́n a tún máa bi mí nígbà tí mo máa padà sílé. Ìbéèrè yẹn kì í dùn mọ́ mi. Òkun ti gbé ilé ìyá ìyá mi lọ ní Ayétòrò, ó gbé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún gbé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ń kó sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀ lé wọn. Níbí, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó máa lọ lọ́la. Lọ́hùn-ún, ilẹ̀ tí mo máa padà sí ló ń lọ. Ó máa ń dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ èèyàn kì í fi ẹkún wẹ arúgbó, nítorí náà ẹ̀fẹ̀ ni mo ń fi ṣe.

Ọdún kejì mi ni Tọ́pẹ́ bí ọmọbìnrin. Ọkọ rẹ̀ kì í kúrò lójú òkun níbi tó ti ń pẹja, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá mi ni òun àti ọmọ wà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń wá láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọmọ lórúkọ láti orí fóònù, mo pè é ní Ìbùkún. Ọmọ náà pọ́n bí gbogbo ọmọ tuntun ṣe ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ Tọ́pẹ́, tí kò sí ohun tí kò mọ̀, yí etí ọmọ síwá sẹ́yìn, ó ní kí gbogbo ilé wá wò ó. Etí dúdú. Ẹ sì mọ̀ pé etí kì í parọ́ lọ́dọ̀ wa: àwọ̀ tí etí bá ní lọ́jọ́ ìkómọ ni ọmọ máa gbé dàgbà. Ìyá náà mí kanlẹ̀.

"Háà," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fẹ́ jọ."

Wọn ò tíì pa fóònù nígbà tó sọ ọ́. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń ṣe àmín àdúrà tí pásítọ̀ ń gbà.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Nígbàkígbà tí a bá rí ara wa lórí fóònù, ọmọ náà ń pọ́n sí i, ó sì ń tóbi sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Ìyá mi á gbé e síwájú fóònù bí ẹni gbé ẹja ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù nínú ọjà. Á ní, "Wo ọma yìí! Wo bó ṣe kún! Ọmú Tọ́pẹ́ nìkan nìyí o." Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kọjá ń dúró wò ó. Èmi náà mú àwòrán rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo fi ń ṣe fọ́ńté, àwọn arúgbó sì patẹ́wọ́ fún un.

Ní ti èmi, ọwọ́ mi ni mò ń bá yí. Bí a bá fẹ́ fọwọ́ kan arúgbó kan, a ó fọ ọwọ́. Bí a bá ṣe tán, a ó tún fọ̀ ọ́. Bí a bá sì jáde, òtútù ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ mi là bí ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí ilẹ̀. Dókítà kọ ìpara kan fún mi, inú túúbù kékeré ló wà, klobẹtasọ́ọ̀lù lorúkọ rẹ̀. Kí n tó pe orúkọ yẹn tán, ara ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

Obìnrin apòògùn tó fún mi ní túúbù náà na ìka kan sókè. Láti orí ìka dé oríkèé àkọ́kọ́, ó ní ìyẹn ti tó. Kí n fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kó má kan ojú. Bí ara bá ti jinná, kí n dáwọ́ dúró. Ó ní oògùn alágbára ni, ó ń paná ara tó ń yún tàbí tó wú, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, á sọ awọ di fẹ́lẹ́, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. "Má sì jẹ́ kó kan ọmọ ọwọ́," ó ní. Mo ní mi ò bímọ. Nínú mi, mo ń sọ pé ahun òyìnbó ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìpara pàápàá kò ní ènì.

Mo ń fi pa ọwọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà tí Tọ́pẹ́ pè. Ó rí túúbù náà, ó figbe ta.

"Àǹtí mi! Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀! Màmá, ẹ wá wò ó, Àǹtí ti ń pa kólóbẹ́!"

"Kí ló ń jẹ́ kólóbẹ́?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ni. Òun ni ìyá alápòpọ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá ń tẹ̀ sínú ike, tó ń fi po ìpara ìbóra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á ránṣẹ́ sí wa. Ti ọ̀dọ̀ yín á lágbára ju tibí lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní oògùn ni, kì í ṣe nǹkan ìbóra, wọn ò tilẹ̀ ní kó kan ojú.

Tọ́pẹ́ náà rẹ́rìn-ín. "Ojú kẹ̀? Ojú Ìbùkún la ti ń fi í pa látọjọ́ ìkómọ. Ẹ ò rí bó ṣe ń dán ni?"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ Tọ́pẹ́ ló ra ìpara náà, ó ní kò sí etí tí kò lè gbọ́ràn. Gbogbo ara ọmọ ni wọ́n ń fi í pa, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́ ni ìyá alápòpọ̀ ní kí wọ́n máa lò ó.

"Àmọ́ èmi ń fi ènì sí i lọ́sàn-án," ìyá mi ní, tayọ̀tayọ̀. "Ọma ọma mi ni. Ta ni mo fẹ́ máa ṣahun sí?"

Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo tún sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo. Tọ́pẹ́ ní èmi ni mo yàn láti dú, kí n má fa ọmọ òun mọ́ ọn. Ìyá mi ní ọmọ tó sanra bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ lọ sọ fún dókítà pé ó ń ṣe é? Ìyá ọkọ Tọ́pẹ́ wá gba fóònù náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun o, dókítà," ó ní. "A ò mọ̀ pé àwọn tó ń nu ìdí arúgbó náà ti di dókítà."

Ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí pé ó dáa. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ sí, mi ò bá ti rẹ́rìn-ín.

Mo mú àwòrán Ìbùkún, èyí tí mo ti fi ń ṣe fọ́ńté, mo lọ bá obìnrin apòògùn. Òun kò patẹ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó bi mí bóyá apá àti itan ọmọ náà kún bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ń mu ọmú dáadáa. Mi ò mọ̀, ojú nìkan ni wọ́n ń fi hàn mí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpara náà ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé wíwú lásán ni ohun tí a ń pè ní sísanra, pé kí dókítà rí i kíákíá. Ó wá sọ èyí tó da omi tútù sí mi lára: kí wọ́n má ṣe já ìpara náà gbà lára rẹ̀ lójijì. Ara ọmọ náà ti gbára lé e. Bí wọ́n bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dákú, ó sì lè má jí.

Ní èdè wa, ìpara ni à ń pe ohun tí a fi ń pa ara. Bí ẹ bá fi "ẹni" tì í, ó di ìpara-ẹni. Mo ń tún ọ̀rọ̀ méjèèjì pè lẹ́nu títí mo fi dé ilé. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò rí ẹ̀fẹ̀ kankan fi ṣe.

Tọ́pẹ́ kò gbé fóònù mi mọ́. Ìyá mi ń gbé e, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ ìpara, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, á pa á. Níbi iṣẹ́, bàbá tó ń wo ẹsẹ̀ mi rí i pé mo ti pa ẹnu mọ́. Ó bi mí ohun tó ṣe mí, mo sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi tó là mú nínú omi ìwẹ̀ rẹ̀, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo wá ronú pé mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ oògùn, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò mọ oògùn. Ẹja ló mọ̀. Mo pè é lásìkò tí mo mọ̀ pé ìdí iná ló máa wà.

"Màmá, bí wọ́n bá gbé ẹja wá fún yín, tí orí rẹ̀ wú, tí ikùn rẹ̀ wú, àmọ́ tí ìrù rẹ̀ rù, ṣé ẹ máa ní ó sanra?"

"Sanra bí ti báwo? Ẹja tó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló ń bú ẹja mi?"

"Kò sẹ́ni tó bú ẹja yín. Ẹ lọ tú aṣọ lára Ìbùkún, kí ẹ wo itan rẹ̀."

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, mo gbọ́ ohùn Tọ́pẹ́ tó ń bi í pé kí lẹ fẹ́ fi ọmọ tó ń sùn ṣe. Nígbà tí ìyá mi padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Itan rẹ̀ rù," ó ní. "Ojú ni mo ń wò látọjọ́ yìí. Ojú tó kún ni mo ń wò. Ọma mi, kò mu ọmú láti àárọ̀. A ní ó ti yó ni." Ó ń mí gúlegúle. "Mo máa da nǹkan yìí sómi nísinsìnyí."

"Ẹ má dà á nù!"

"Kí wo wí?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé. Èmi tí mo ti ń pariwo pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, èmi náà ni mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tíì dáwọ́ dúró. Ìyá mi ní ṣé orí mi pé. Mo bi í pé nígbà tí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ ẹja, ṣé omi ló máa ń dà sí i? Ó ní rárá, ẹja á bàjẹ́, igi lòun máa ń yọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí dókítà ṣe yọ ìpara náà. Kí òun fúnra rẹ̀ gbé ọmọ, kí ó gbé ike ìpara náà dání, kí dókítà rí méjèèjì pa pọ̀.

"Ó yé mi," ó ní, ó sì pa fóònù kí n tó dágbére.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni. Ìyá mi fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ohun tí kò ṣe rí. Ó gbé ọmọ pọ̀n, Tọ́pẹ́ ń sunkún tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ Tọ́pẹ́ dúró lórí afárá pákó, ó ní ọmọ ọmọ òun kò níí kúrò níbẹ̀ nítorí àlá ẹnì kan tó wà lókè òkun. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ní kí awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì.

Ní ọsibítù, dókítà wo ọmọ, ó gbóòórùn ìpara inú ike, ó sì bá gbogbo wọn wí láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù. Wọ́n dá ọmọ dúró síbẹ̀, wọ́n ń fún un ní oògùn tó máa rọ́pò èròjà tí ìpara náà ti mú kí ara rẹ̀ gbàgbé ṣíṣe, wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tọ́pẹ́ gbé fóònù mi níkẹyìn. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú." Mo ní kó lọ jẹun.

Ìbùkún padà sílé láàyè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá etí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ó rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ Tọ́pẹ́ lọ láti ilé dé ilé, ó ní kí àwọn èèyàn fi àná wé òní. Kí obìnrin yẹn tó tẹjú mọ́ ọmọ lórí fóònù, ọmọ sanra, ọmọ pọ́n. Lẹ́yìn tó tẹjú mọ́ ọn, ọmọ rù, ọmọ dú. Kí lẹ tún ń wá? Báyìí ni mo ṣe di àjẹ́ láìkúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àwọn àjẹ́ àtijọ́ ń fi ẹyẹ fò. Èmi, dátà ni mo fi ń fò. Wọ́n ní ibi tí mo lọ yẹn gan-an ni mo ti gba àjẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pọ́n.

Àwọn ará ilé ọkọ Tọ́pẹ́ wá ṣòfin. Bí èmi bá wà lórí fóònù, fóònù náà kò gbọdọ̀ kọjú sí ọmọ, kí n má bàa fa ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ mu. Ìyá mi bú wọn títí, ṣùgbọ́n Tọ́pẹ́ ṣì jẹ́ ìyàwó wọn, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ilé tòrò. Ó gbà.

Ìyá mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ògiri pákó ni mo rí, èéfín ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ògiri náà, ọmọ kan ń ké. Ọmọ tó jẹ́ pé oorun ló ń sùn ṣáá tẹ́lẹ̀, ìbínú ló ń fi ké báyìí, ó ń ké, ó ń mí, ó tún ń bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé wo ń gbọ́ ọ?" ìyá mi ní.

"Mò ń gbọ́ ọ, Màmá."

Fóònù yí bìrí. Mo rí ojú kékeré kan, ó dú, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, ahọ́n rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n tó pe orúkọ rẹ̀, ògiri pákó ti padà dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yí i padà."

"Sinmi," ìyá mi ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ìyá ọkọ Tọ́pẹ́ ń bọ̀."

Mo jókòó, mo ń wo ògiri náà, mo ń gbọ́ ọmọ tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n máa pè mí ní àjẹ́. Kó ṣáà máa ké.